Bí O Ṣe Máa Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ọsibítù Látìgbà Tóo Ṣì Wà Ní Súkúù: Fún Àwọn Ọmọ Wa L'Ábújá Àti Lókè Ọya

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kàwé nọ́ọ̀sì, láàbù, físíò, rédíógíráfì níbí l'Ábújá, àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fi ọmọ ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin pé kó wá gbé lọ́dọ̀ àǹtí ẹ̀ ní Kubwa kó lè ráyè kàwé, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, inú wọ́ọ̀dù ni mo sì ti máa ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Púpọ̀ nínú wọn gbà pé ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì bá tẹ àwọn lọ́wọ́ niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀, torí náà wọ́n á dé posting (ìgbà tí súkúù máa rán yín lọ kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù), wọ́n á sáìn orúkọ, wọ́n á wá igun kan jókòó sí, fóònù ló kù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ojú ti ń wò ẹ́ látọjọ́ tóo kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù. Mẹ́tírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, tó ń wò ẹ́ yẹn, òun náà ni wọ́n máa pè lọ́jọ́ tí ọsibítù bá ń wá ẹni tí wọ́n máa gbà, wọ́n á bi í pé ọmọ tó ṣe posting lọ́dọ̀ yín níjọ́sí, ṣé ó mọṣẹ́, ṣé ó níwà? Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

1. Wádìí súkúù náà kóo tó san kọ́bọ̀

Gbogbo iṣẹ́ ọsibítù ló ní ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó o. Ti nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni Nursing and Midwifery Council of Nigeria, ti láàbù ni Medical Laboratory Science Council of Nigeria, ti rédíógíráfì ni Radiographers Registration Board of Nigeria, ti físíò ni Medical Rehabilitation Therapists Board, àwọn CHEW tó ń ṣiṣẹ́ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò náà ní bọ́ọ̀dù tiwọn. Ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ń kọ orúkọ àwọn súkúù tó fọwọ́ sí jáde. Fojú ara ẹ wò ó, má gba ti ẹni tó ń sọ pé "àwa náà ti fẹ́ gba tiwa".

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an torí mò ń rí àwọn ìyá wa tó ń tajà ní Mararaba, Nyanya, Lugbe, tí wọ́n fi èsúsú san owó fún kílíníkì oníyàrá méjì kan tó ní òun ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n á wọ yunifọ́ọ̀mù funfun fún ọmọ náà, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́, ọdún kan sí méjì wọ́n á fún un ní sáàtífíkéètì tó ń dán. Auxiliary lorúkọ tí wọ́n ń pe ìyẹn, kò sì sí ìgbìmọ̀ kankan tó mọ̀ ọ́n sí nọ́ọ̀sì. Ọmọ yẹn ò lè gba láísẹ́ǹsì láé pẹ̀lú ìwé yẹn, ọsibítù ìjọba ò ní gbà á sí ipò nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ó ti lo ọjọ́ orí ẹ̀ síbẹ̀. Bí ìwé WAEC tàbí NECO ò bá tíì pé, ó sàn kó tún un kọ. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì, Máàtì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì, Físíìsì, kó má ju jíjókòó ìdánwò méjì lọ. Yunifásítì ń ṣe ti BNSc, ìyẹn dígírí nọ́ọ̀sì, fún ọdún 5, àwọn college of nursing sciences sì ń ṣe ND àti HND báyìí, ọ̀nà méjèèjì ló dáa, èyí tí agbára bá ká ni kóo mú.

Tóo bá ti wọlé tán, ọ̀rọ̀ kan wà tóo gbọ́dọ̀ mú ní pàtàkì ju yunifọ́ọ̀mù lọ, òun ni indexing. Indexing ni ìgbà tí Council máa kọ orúkọ ẹ sínú ìwé wọn pé wọ́n mọ̀ ẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n fún súkúù kọ̀ọ̀kan ní iye ọmọ tó lè gbà, súkúù míì á gbà ju iye yẹn lọ torí owó, àwọn tó bá lé lé e ò ní rí indexing, ẹni tí ò bá sì ní indexing ò lè jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá ti Council. Nítorí náà tóo bá ti dé ìpele tí wọ́n ń ṣe é, fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ HOD (olórí ẹ̀ka yín) tàbí ọ̀gá súkúù pé "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé orúkọ mi ti wọlé fún indexing?" Béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i tóo bá ní láti béèrè. Wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ẹ, kó bá ti WAEC mu lẹ́tà sí lẹ́tà, torí àwọn orúkọ wa yìí, Olúwaṣeun lè di Oluwasheun nínú ìwé kan, wàhálà àfidéfíìtì á sì wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tóo bá ń gba láísẹ́ǹsì.

2. Múra ara ẹ sílẹ̀ kí posting tó bẹ̀rẹ̀

Abẹ́rẹ́ hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn nípa ẹ̀jẹ̀, ni kóo kọ́kọ́ lọ gbà. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò ná, tí kò bá sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa fún ẹ ní abẹ́rẹ́ yẹn, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Ṣé o wá rí i pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí posting fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látìgbà tóo bá ti gba àdímíṣọ̀n. Gba ti tẹ́tánọ́ọ̀sì náà, kóo sì tọ́jú káàdì wọn, torí àwọn ọsibítù míì máa ń béèrè.

Ra fáìlì kan tí omi ò lè wọ̀. Ìwé àdímíṣọ̀n, lẹ́tà posting, nọ́ńbà indexing, káàdì akẹ́kọ̀ọ́, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, káàdì abẹ́rẹ́, gbogbo ẹ̀ ni kóo kó síbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tókópì. Ojúlówó ìwé ò gbọdọ̀ jáde nílé àyàfi tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fojú rí i.

Yunifọ́ọ̀mù tó mọ́ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, bàtà dúdú pẹlẹbẹ tí kì í pariwo, aago tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá tóo lè so mọ́ àyà, bírò búlúù àti pupa, jọ́tà kékeré tó wọ inú àpò. Èékánná kúkúrú, kò sí ti lílẹ̀, kò sí gẹ́ẹ̀lì, mo mọ̀ pé ó ń dun àwọn ọmọbìnrin wa ṣùgbọ́n abẹ́ èékánná ni àrùn máa ń fara pamọ́ sí. Irun náà, kó o jọ sẹ́yìn.

3. Ibo ni kóo lọ?

Súkúù ló máa pín ẹ lọ síbi tóo máa lọ, àmọ́ tí wọ́n bá fún ẹ láyè láti yàn, tàbí tóo fẹ́ fi ìsinmi gbọọrọ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ síbì kan, mọ irú ibi tóo ń lọ. National Hospital tó wà ní Central Area, tí wọ́n ṣí ní 1999 fún àwọn obìnrin àti ọmọdé kó tó di ti gbogbo ènìyàn, ibi tí wọ́n ń gbé àìsàn tó le wá ni. Teaching hospital Gwagwalada náà bẹ́ẹ̀, FMC (Federal Medical Centre) Jabi náà bẹ́ẹ̀. O máa rí ohun tí o ò lè rí níbòmíì, ICU (yàrá àwọn tí àìsàn wọn le gan-an), jẹjẹrẹ, iṣẹ́ abẹ ńlá, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀, ti nọ́ọ̀sì, ti dókítà, ti láàbù, ẹ lè tó mẹ́wàá tẹ́ ẹ máa yí bẹ́ẹ̀dì kan ká, ọwọ́ ẹ sì lè má kan aláìsàn náà rárá. Àwọn ọsibítù bíi ti Kubwa, Nyanya, Bwari, Kuje, Wuse, Asokoro, èrò pọ̀ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ò sì pọ̀ tó èrò, nítorí náà iṣẹ́ máa kàn ẹ́. Èrò tèmi ni pé kóo kọ́kọ́ lo àkókò níbi tí ọwọ́ ẹ ti máa kan iṣẹ́, kóo tó wá lọ sí ti ńlá. Ẹni tó bá ti gbẹ̀bí dáadáa ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí tí èrò ti ń wọ́, ọkàn ẹ̀ máa ń balẹ̀ níbikíbi.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Tóo bá ń gbé ọ̀nà Nyanya sí Mararaba tóo sì ń ṣe iṣẹ́ àárọ̀ láàárín ìlú, jí ní kùtù hàì, gosílóò ọ̀nà yẹn ò mọ̀ pé o ní handover, ìgbà tí àwọn tó ń lọ máa fa iṣẹ́ lé àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọ̀sán tó bá parí lálẹ́ ni kóo ṣọ́ra fún jù, má wọ ọkọ̀ along tí o ò mọ̀ lẹ́yìn tílẹ̀ ti ṣú, one chance ò mọ yunifọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì. Bá àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lọ ọ̀nà kan náà rìn, tàbí kóo bi ìn-ṣáàjì, nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù, bóyá bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ wà tó lè já ẹ sójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ náìtì lo ṣe, dúró kílẹ̀ mọ́ kóo tó jáde.

4. Ọjọ́ àkọ́kọ́

Dé ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí gbogbo èèyàn, mo ní gbogbo èèyàn o, látorí mẹ́tírọ́ọ̀nù dórí màmá tó ń fi mọ́ọ̀pù nulẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni ẹ́, kò yẹ kí wọ́n kọ́ ẹ níyẹn. Màmá tó ń nulẹ̀ yẹn àti àwọn health attendant, àwọn ló mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì páànù wà, ibi tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà, aláìsàn tí kò sùn lóru àná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fojú di wọn kì í tètè mọ wọ́ọ̀dù.

Sọ ẹni tóo jẹ́ fún ìn-ṣáàjì ní ṣókí: orúkọ mi nìyí, súkúù mi nìyí, ọdún kejì ni mo wà, ohun tí mo fẹ́ kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú egbò àti bí wọ́n ṣe ń fi NG tube (rọ́bà tó ń gba imú lọ sí ikùn) sí aláìsàn. Nígbà tóo bá sọ ohun tóo fẹ́ kọ́, wọ́n á máa pè ẹ́ tó bá ti dé. Ẹni tí kò sọ nǹkan kan, ẹnu ọ̀nà fámásì ni wọ́n máa rán an lọ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Lẹ́yìn náà, yí wọ́ọ̀dù náà ká: ibo ni ọ́síjìn wà, ibo ni tírọ́ọ̀lì pàjáwìrì wà, ibo ni wọ́n ń ju abẹ́rẹ́ sí, ibo ni omi àti ọṣẹ wà. Jókòó ti handover kóo sì kọ ọ́ sí jọ́tà ẹ, bẹ́ẹ̀dì kìíní kí ló ṣe é, wọ́n fún un ní kí ni, kí ló ku tí wọ́n ń retí. Ohun tí wọn ò bá tíì kọ́ ẹ, má ṣe é, bí dókítà tó ń kánjú tiẹ̀ ní kóo ṣe é. Sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo máa pe nọ́ọ̀sì wá." Kò sí ẹni tó máa bínú sí ìyẹn títí lọ.

5. Kọ́ Hausa díẹ̀

L'Ábújá àti gbogbo Òkè Ọya, àwọn aláìsàn tó máa dé ọ̀dọ̀ ẹ tí wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, àwọn ìyá láti Kwali, Abaji, Niger, Nasarawa. "Sannu" ni kíkí, "yaya jiki?" ni bí ara ṣe rí, wọ́n á ní "da sauƙi". "Ina ne ke miki ciwo?" ni ibo ló ń dun ẹ́ tó bá jẹ́ obìnrin, "maka" dípò "miki" tó bá jẹ́ ọkùnrin. "Magani" ni oògùn, "allura" ni abẹ́rẹ́, "fitsari" ni ìtọ̀, "amai" ni èébì, "zawo" ni ìgbẹ́ gbuuru, "jini" ni ẹ̀jẹ̀. Tóo bá fẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, "Allah ya sawwaƙe". Ìyá tó ti ń wò ẹ́ bí àjèjì láti àárọ̀ á rẹ́rìn-ín, á wá sọ ibi tó ń dùn ún gan-an fún ẹ.

Kóo tó ṣí aṣọ lára obìnrin, fa kọ́tìnnì, sọ ohun tóo fẹ́ ṣe, gba àṣẹ. Àwọn míì á ní nọ́ọ̀sì obìnrin làwọn fẹ́, tóo bá jẹ́ ọkùnrin má bínú, lọ pe ẹni tó yẹ wá. Tí ọkọ bá dúró tì í, bá obìnrin náà fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀ kóo tó bá ọkọ sọ̀rọ̀.

6. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó dáa

Vital signs, ìyẹn wíwọn bí ara ṣe gbóná tó, pulse, èémí àti BP, ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi lé ẹ lọ́wọ́, òun náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣeré jù. Gbé ṣáàtì wọ́ọ̀dù kan wò, o lè rí i pé gbogbo aláìsàn ló ń mí ní ogún, ogún, ogún, láti bẹ́ẹ̀dì kìíní dé ìkẹrìndínlógún. Ṣé èèyàn mẹ́rìndínlógún á máa mí bákan náà ni? Ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́. Mẹ́tírọ́ọ̀nù tó mọṣẹ́ á rí i lẹ́ẹ̀kan náà, orúkọ ẹ á sì ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ka èémí nìyí. Di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú, ka pulse ẹ̀ (bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù) tán, má tíì fi ọwọ́ sílẹ̀, má sì sọ fún un pé èémí lo fẹ́ kà torí tó bá ti mọ̀ ó máa yí bó ṣe ń mí padà. Yí ojú sí àyà tàbí ikùn ẹ̀, gbígbé sókè àti wíwá sílẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ka ìṣẹ́jú kan gbáko, kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n wá sọ dọ̀nà mẹ́rin. Fún àgbàlagbà, 12 sí 20 ló dáa. Tóo bá ka 28, tí imú ẹ̀ ń fẹ̀, tí ẹran ọrùn ẹ̀ ń fà, kúrò níbẹ̀ kíá lọ pe nọ́ọ̀sì, torí èémí máa ń yí padà kí BP tó wálẹ̀. Mo ti rí aláìsàn tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fara balẹ̀ ka èémí ló jẹ́ kí wọ́n tètè gbé ọ́síjìn fún un, kò sì sí ẹni tó gbàgbé orúkọ ọmọ náà ní wọ́ọ̀dù yẹn.

Ti BP, jẹ́ kí aláìsàn jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kó tọ̀ tán, kó fẹ̀yìn ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ilẹ̀, kí apá ẹ̀ wà ní ìpele ọkàn, kó má sọ̀rọ̀ nígbà tóo ń wọ̀n ọ́n. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá náà, tó bá kéré fún apá màmá tó sanra, BP ẹ̀ máa lọ sókè lórí irọ́, wọ́n á wá fún un ní oògùn tí kò yẹ ẹ́. Béèrè fún èyí tó tóbi.

Omi fífà náà, wọ́n máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀ nínú ìdánwò àti lójú bẹ́ẹ̀dì. Ká ní dókítà kọ 500ml kó wọlé láàárín wákàtí 4. Wo ara páálí giving set náà, ìyẹn rọ́bà tí omi ń gbà wọ ara aláìsàn, wọ́n á kọ iye ẹ̀kán tó wà nínú 1ml síbẹ̀, 20 ló wọ́pọ̀. 500 lọ́nà 20 jẹ́ 10,000. Wákàtí 4 jẹ́ ìṣẹ́jú 240. Pín 10,000 sí 240, ó máa lé díẹ̀ ní 41, pè é ní ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan. Wàyí o, di aago ẹ mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi ti ń kán, yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lára rọ́bà náà títí tó fi máa kán bíi mẹ́wàá sí mọ́kànlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15. Padà wá wò ó lẹ́yìn ìdajì wákàtí, torí tí aláìsàn bá ká apá, omi náà ò ní rìn mọ́. Wo ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé náà, ṣé kò wú, ṣé kò pupa? Fún ọmọdé, má dá nìkan fọwọ́ kan tiwọn, giving set tiwọn yàtọ̀, ẹ̀kán 60 ló wà nínú 1ml, àṣìṣe kékeré sì lè rì wọ́n.

Àwọn nǹkan kéékèèké ńkọ́, wíwẹ̀ fún aláìsàn, yíyí ẹni tí kò lè dìde padà ní wákàtí méjì méjì kí egbò má bàa là sí i ní bèbèrè ìdí, fífún un lóúnjẹ? Ẹ má pè é ní iṣẹ́ ẹrú. Ibẹ̀ lo ti máa rí egbò tí ẹlòmíì ò rí.

7. Dáàbò bo ara ẹ

Ẹ gbọ́ ìtàn yìí torí Òkè Ọya ló ti ṣẹlẹ̀. Ní January 1969, nọ́ọ̀sì òyìnbó kan tó ń jẹ́ Laura Wine ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù míṣọ́nnárì ní Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno ti òní, àìsàn kan mú un tí wọn ò mọ orúkọ ẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí Jos, ó kú. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ẹ̀ ní Jos, fi gọ́ọ̀sì nu ẹnu ẹ̀, àwọn tó kọ ìtàn náà sì sọ pé egbò kékeré kan wà ní ìka ọwọ́ ẹ̀. Òun náà kú. Ẹ̀kẹta, Lily Pinneo, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ó yè. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi sọ àìsàn náà, Lassa fever, ó ṣì ń pa èèyàn wa lọ́dọọdún títí di òní, àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù sì wà nínú wọn.

Nítorí náà, ìbà tó bá dé iwájú ẹ, má rò pé màléríà ni gbogbo ẹ̀. Gílọ́ọ̀fù ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀jẹ̀, èébì tàbí ìtọ̀ bá wà ńbẹ̀. Fọ ọwọ́ kóo tó kan aláìsàn, fọ ọ́ lẹ́yìn tóo kàn án, ọṣẹ àti omi fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60, tó bá jẹ́ hand rub (oògùn ìfọwọ́ tí kò nílò omi), 20 sí 30. Tí gílọ́ọ̀fù bá tán ní wọ́ọ̀dù, sọ fún ìn-ṣáàjì, má sọ pé o máa ṣe ọkàn akin. Ra páálí kan sínú báàgì ẹ tó bá ṣeé ṣe.

Abẹ́rẹ́ tóo bá ti lò, má dé e padà, inú safety box tààrà, tí àpótí yẹn bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ dé e pa. Tí abẹ́rẹ́ bá gún ẹ, má pa á mọ́ra nítorí ìtìjú. Fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀, má fún ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀, má ta ìzàl sí i. Sọ fún ìn-ṣáàjì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ àti ti aláìsàn wò. Oògùn tó ń dènà HIV wà, bóo bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ ló ṣe dáa tó, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72, ọjọ́ 28 ni wọ́n máa fi lò ó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ikú náà wà. Tí aláìsàn àkọ́kọ́ bá kú lójú ẹ, o máa sunkún, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì kóo nu ojú, kóo padà wá. Mọ̀ pé àwọn ẹbí tó jẹ́ Mùsùlùmí fẹ́ tètè sin òkú wọn, lọ́jọ́ náà gan-an tó bá ṣeé ṣe, torí náà bá wọn sáré ìwé, má jẹ́ kí wọ́n dúró wákàtí mẹ́ta torí pé ẹnì kan ò tíì sáìn.

8. Ẹ̀yin tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ará láàbù, ìgò tí kò lórúkọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kóo ti kọ orúkọ, nọ́ńbà ọsibítù, ọjọ́ àti àkókò sí i lára, jẹ́ kí aláìsàn fi ẹnu ara ẹ̀ sọ orúkọ ẹ̀. Ọmọrí pọ́pù fún FBC (kíka sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀), búlúù fún ti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì, pupa fún àwọn ti síírọ́ọ̀mù, aláwọ̀ eérú fún ṣúgà. Búlúù ló máa ń ṣáájú, aláwọ̀ eérú ló máa ń gbẹ̀yìn. Ará rédíógíráfì, má wọ yàrá náà láìso báàjì tó ń wọn ìtànṣán mọ́ra, kóo sì máa bi gbogbo obìnrin tó ṣì lè lóyún nípa nǹkan oṣù ẹ̀ kóo tó ya fọ́tò, bi í níkọ̀kọ̀. Ará físíò, orúnkún ni kóo tẹ̀ tóo bá ń gbé èèyàn, má tẹ ẹ̀yìn, ẹ̀yin lẹ máa ń gbé àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú, ẹ̀yìn yín gbọ́dọ̀ tó ogójì ọdún.

9. Ìwé kíkọ àti fóònù

Ohun tóo bá ṣe, kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kọ àkókò, kí ẹni tó ń mójú tó ẹ sáìn sí i. Logbook ẹ, ìwé tóo ń kọ iṣẹ́ tóo ṣe sí, jẹ́ kí wọ́n sáìn sí i lọ́jọ́ tóo bá ṣe nǹkan náà, má kó o jọ di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, nígbà yẹn ìn-ṣáàjì á ti lọ lífù.

Fóònù, ẹ jọ̀ọ́. Má ya fọ́tò aláìsàn, má ya egbò, má ya ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, má gbé e sí status, má gbé e sí TikTok, bóo tiẹ̀ bo ojú ẹ̀. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni.

10. Láti súkúù bọ́ sí iṣẹ́

Tí posting bá ń parí lọ ní ibi tóo fẹ́ràn, lọ bá mẹ́tírọ́ọ̀nù, dúpẹ́, béèrè bóyá o lè padà wá ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà ìsinmi pẹ̀lú lẹ́tà láti súkúù. Lọ gba ẹ̀kọ́ BLS, bí wọ́n ṣe ń jí ẹni tí ọkàn ẹ̀ dúró, sáàtífíkéètì ẹ̀ máa ń wúlò. Àwọn tó ka BNSc, láàbù, físíò, rédíógíráfì, ìntánṣíìpù ọdún kan ló kàn lẹ́yìn súkúù kí NYSC tó dé, àyè ẹ̀ ò sì tó gbogbo ọmọ tó ń wá a. Má jókòó sí Àbújá nìkan, kọ̀wé sí àwọn ọsibítù ńlá ní Shika ní Zaria, ní Jos, Kano, Ìlọrin, Keffi, Bida, Lokoja. Ibẹ̀ lẹni tóo ti bá ṣe posting ti máa wúlò fún ẹ, torí ó lè sọ fún ẹ pé fọ́ọ̀mù ti jáde kí ayé tó gbọ́.

Láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì, ọdún 3 ọdún 3 ni wọ́n ń tún un ṣe, kọ ọjọ́ tó máa parí sínú fóònù. Tí ilẹ̀ òkèèrè bá wà lọ́kàn ẹ, mọ̀ pé láti ọdún 2024 Council ní ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣe verification ìwé ẹ̀ (kí Council jẹ́rìí sí i fún orílẹ̀-èdè tó ń lọ) ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 ó kéré tán lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì, torí náà yan ibi tí ọdún méjì yẹn ti máa kọ́ ẹ níṣẹ́.

Tó bá jẹ́ ọsibítù àdáni ló kọ́kọ́ pè ẹ́, lọ, iṣẹ́ ni. Àmọ́ gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kóo tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ iye owó oṣù, wákàtí iṣẹ́, iye ọjọ́ ìsinmi, àti iye àkókò tóo máa fi sọ fún wọn tóo bá fẹ́ lọ. Bi wọ́n pé nọ́ọ̀sì mélòó ló wà lórí náìtì. Tí wọ́n bá ní kóo kó ojúlówó sáàtífíkéètì ẹ wá sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n máa bá ẹ tọ́jú ẹ̀, fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé fọ́tókópì lo mú wá, kí wọ́n wo ojúlówó lójú ẹ kí wọ́n dá a padà. Mo mọ àwọn ọmọ tí ọ̀gá ọsibítù kan ti ìwé wọn mọ́ dúróà títí ìntáfíù ìjọba fi kọjá lórí wọn. Tí ọ̀gá bá kọ̀ jálẹ̀ pé àfi ojúlówó, gbé fáìlì ẹ, dúpẹ́, kóo wá ibòmíì lọ.